Mi Ò Tú Lẹ́tà Ẹlòmíràn

Afọ̀n, Ìpínlẹ̀ Ògùn,
14 Oṣù Kẹrin, 2024.

Morádéyọ̀, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti ìdí fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni wáyà sólà gùn dé. Ara mi le, bí a bá yọ ti etí kúrò. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀ kò tíì fi iṣẹ́ pa ọ́?

Mi ò gbàgbé ohun tí o kọ́ mi kí o tó lọ. Láàpútọ́ọ̀pù bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń kọ lẹ́tà mi sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìsí dátà, á jókòó dè mí níbẹ̀. Lóròòru, nígbà tí dátà bá ti pọ́kú, màá ki módẹ́ẹ̀mù bọ̀ ọ́, màá tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀, ètò tí mo sọ ní Akólẹ́tà yìí á gbé tèmi lọ, á kó tìrẹ wá. Mo yọ módẹ́ẹ̀mù nìyẹn, màá máa ka tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ bó ṣe wù mí. Ó sàn ju fóònù lọ. Fóònù kékeré mi yìí, tí mo bá ti gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ń mú. Wọ́n á kí mi káàbọ̀ ní Faransé, wọ́n á sì jẹ owó orí rẹ̀ tán. Etí mi kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. "Wùù wùù" ni mò ń gbọ́.

Àdírẹ́sì ímeèlì rẹ àtijọ́ tí o fi sínú Akólẹ́tà, nígbà tí àwọn onímeèlì kọ̀ tí wọn ò ṣí tuntun fún mi, ó ń sin àwa méjèèjì. Lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, tèmi ni. Èyí tí ẹlòmíràn bá kọ sí ọ, tìrẹ ni, mi ò tú u. Mo ṣe fódà kan, mo kọ Morádéyọ̀ sí i lára, ibẹ̀ ni mò ń kó wọn sí dè ọ́. Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ní Ayétòrò, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí lẹ́tà wà, kò sí tíṣà kan tó lè ní mo yọjú sí tòun. Orúkọ ẹni tó ni ín ni mo ń kà, n kì í wo ti ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tí kò bá sí nílé, màá ti tirẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀ títí á fi dé.

Ẹ̀sùn mi kò pọ̀. Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, kí n tó rí ibi tí màá ti rẹ́rìn-ín, ó ti parí. Ṣé báyìí ni èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀? Àti pé, ṣé wàá wálé fún ìrántí bàbá rẹ ní Oṣù Kìíní? Àǹtí rẹ Ọ̀ṣúnkẹ́mi dé ibí lánàá. Àbúrò ọkọ ni, mi ò lè dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ọmọ yín ṣì mọ ọ̀nà Afọ̀n ṣá?" Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún Akínladé.


Galway, Ireland,
5 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ojúlọ́nà, ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé lẹ́tà mi ń kúrú. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí náà, mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ sọ torí mo mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n Oṣù Kìíní tí ẹ bèèrè, òun ló mú ẹnu mi là. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí yóò parí ní òpin Oṣù Kẹsàn-án. Mo ti bèèrè fún tuntun. Ó ku kí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò kọ̀wé sí mi, kí wọ́n dá ọjọ́ tí màá wá tẹ̀ka. Bí kò bá sí ọjọ́ yẹn, kò síwèé. Bí kò bá síwèé, wọn ò gbọdọ̀ gbà mí síṣẹ́, màá di ẹrù mi ni. Tí mo bá sì wálé láì tíì gbà á, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé.

Àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn ni mo fún wọn. Mi ò fún wọn ní ti ibi iṣẹ́ tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, torí bí iṣẹ́ bá bọ́, àdírẹ́sì náà bọ́ nìyẹn. Àràárọ̀ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi. Ó mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Àwọn lẹ́tà tí ẹ ní ẹ ń kó pamọ́ fún mi, ẹ má da ara yín láàmú, àwọn tó ń polówó bàtà ni. Ohun gidi tó bá wọlé, màá rí i níbí.

Ẹ fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Afọ̀n,
9 Oṣù Kẹfà, 2024.

Morádéyọ̀ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé wọ́n ti kọ̀wé? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kí ọ tẹ́lẹ̀ kí n tó bèèrè. Mo kí ọ. Ṣé wọ́n ti kọ̀wé?

Láti ọjọ́ tí mo ti ka tìrẹ, mo ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kàn ní ká gbàdúrà fún ọmọ kan tó wà lókè òkun tí ọ̀rọ̀ ìwé ń dà láàmú. Gbogbo wọn yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan náà! Ìyá kan tilẹ̀ ní, "Màmá Morádéyọ̀, ṣé ọmọ náà ń jẹun?" Nítorí náà, tí o bá gbọ́ pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Afọ̀n, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi wá o. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ń dá àwọn ọmọ padà láti òkè òkun, wọ́n ń kó wọn bọ̀ bí ẹni kó iṣu." Mo ní tèmi kò sí nínú wọn. Ó ní, "Mi ò kúkú pe orúkọ tiyín, ìyàwó wa." Obìnrin yìí!

Àwọn ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ṣé o kọ orúkọ rẹ dáadáa nínú ìwé náà? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi tìrẹ ránṣẹ́ sí Akínladé mìíràn? Ṣé kò sí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn tí a lè bá sọ̀rọ̀? Níbí, ọ́fíìsì tí èèyàn kò bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, kó má wulẹ̀ lọ. Wá ọmọ Yorùbá kan níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà.

Àwọn oníbàtà rẹ náà kò dákẹ́. Nígbàkigbà tí mo bá tẹ Akólẹ́tà, wọ́n á bá tèmi wọlé. Mò ń kó wọn sí fódà rẹ. O ní kí n má da ara mi láàmú, ṣùgbọ́n mi ò lè da ohun tí kì í ṣe tèmi nù.

Kọ̀wé kíákíá. Tí kò bá sí ìròyìn, kọ ọ́ pé kò sí ìròyìn.

Ìyá rẹ.


Galway,
28 Oṣù Keje, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Mo lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi. Mo tò láti àárọ̀ nínú òjò. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó wà nídìí gíláàsì wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní wọ́n ti kọ̀wé sí mi, pé ọjọ́ tí wọ́n dá tilẹ̀ ti kọjá, èmi ni mi ò wá. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo fi fóònù hàn án. Ó wò ó, ó wò mí, bí ẹni ń wo òpùrọ́. Ó ní àwọn á kọ òmíràn ránṣẹ́, pé kí n má tún pa á jẹ o, torí kò ní sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní kí ó sọ ọjọ́ náà fún mi lẹ́nu. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú lẹ́tà ni.

Títí di òní, àwo ajá náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti pè mí. Ó ní òun fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n tí Oṣù Kẹsàn-án bá parí, òun ò lè gbà mí síṣẹ́ mọ́.

Màmá, ẹ má fi mí sínú àdúrà ìjọ mọ́. Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi pè mí láti béèrè bóyá mo ti ra àpótí ẹrù.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe ọ́fíìsì nìkan. Ẹnì kan wà tí mo rò pé kò lè gbàgbé mi láé, òun náà kò kọ̀wé mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ibí. Ó dà bíi pé gbogbo ayé fi ẹnu kò pé kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀, àfi ẹ̀yin nìkan.

Morádéyọ̀.


Afọ̀n,
25 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ọmọ mi àtàtà,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun nígbà tí mo ka tìrẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè kọ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ro ẹni tó lè jẹ́, Ọlọ́run dárí jì mí, àbúrò bàbá rẹ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí iṣẹ́ tí mo ṣe. Ní Ayétòrò nígbà náà, tí tíṣà kan bá wọlé wá pẹ̀lú ariwo pé, "Akọ̀wé, wọ́n ní wọ́n ti kọ̀wé sí mi o, níbo ló wà?", n kì í bá a jà. Dúrọ́ọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Mo bá ṣí fódà rẹ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wo orúkọ àwọn tó kọ̀wé, mi ò wo tìrẹ nìkan. Bàtà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì àwọn àlejò náà wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

O ní o ò rí i lórí fóònù rẹ. Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ mi tí wọn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ, tó jẹ́ pé àdírẹ́sì kan náà ni? Mi ò mọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ọ pé mò ń kó wọn pamọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò tíì tú wọn. Ìwé ìjọba ni, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀. O ti dàgbà, o ti kúrò lọ́mọ tí ìyá ń ṣí àpò rẹ̀. Ṣé o fún mi láyè kí n tú u? Kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá ti rí i, màá tú u lójú ẹsẹ̀.

Mò ń dúró.

Ìyá rẹ.


Galway,
25 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Màmá, ẹ tú u! Bẹ́ẹ̀ ni! Mo fún yín láyè, mo bẹ̀ yín, ẹ tú méjèèjì kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́.

M.


Galway,
31 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Màmá, ṣé ẹ ti rí èyí tí mo kọ ṣáájú? Mo pe fóònù yín, kò lọ. Mo pe Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, kò lọ. Kò sí nọ́ńbà Afọ̀n kankan tó ń lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara yín le? Ẹ tú u, Màmá.

Morádéyọ̀.


Galway,
7 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi,

Mo tún padà lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní wọ́n ti kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, inú lẹ́tà ni ọjọ́ wà. Mo bú sẹ́kún níwájú gíláàsì. Wọ́n fún mi ní ìwé ìnujú.

Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ náà ti kọjá tàbí kò tíì kọjá. Mo ti ń ka aṣọ tí màá fi sílẹ̀. Ìyá kan ṣoṣo tí mo ní, kí ló dé tí ẹ ní láti gba àyè lọ́wọ́ mi?

Ẹ má bínú. Mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà kọ̀wé.

Morádéyọ̀.


Ayétòrò,
10 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Morádéyọ̀, Àwẹ̀ró,

ỌJỌ́BỌ̀ TÓ Ń BỌ̀ YÌÍ NI. ỌJỌ́ KEJÌLÁ. AAGO MẸ́WÀÁ ÀÁRỌ̀. Mú pásípọ́ọ̀tù rẹ àti ìwé tí ibi iṣẹ́ fún ọ lọ́wọ́. Mo ti darí méjèèjì sí ọ bó ṣe wà gan-an, ṣùgbọ́n mo tún kọ ọ́ síbí, bóyá ọ̀kan á sọnù lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé sí ọ, ó jáde tán ni ìjì dé. Ó wó òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Afọ̀n lulẹ̀ bí ẹni ṣẹ́ igi àgbàdo. Kò sí fóònù, kò sí dátà. Mo ní wọ́n á tún un ṣe lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Mo ń wo fódà rẹ, mo ń sọ pé, "Rẹ̀mílẹ́kún, tú u." Mo tún ń sọ pé, "Ó lè ní kí n má tú u." Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún ara mi pé ó tó. Mo fi ìró we láàpútọ́ọ̀pù, mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nítorí gálọ́ọ̀pù ọ̀nà yìí, mo gun ọ̀kadà Lukman. Nígbà tí a dé gáréèjì níbí, àwọn obìnrin ń kí mi, "Ẹ kú ọmọ o, ìyá! Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Mo ní obìnrin ni, Galway ló ń gbé.

Mo kó lẹ́tà rẹ wọlé, mo bá igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tú u. Ọwọ́ mi tí kò ṣe é rí ti ṣe é o. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti Oṣù Keje, nígbà tí mo ń gbààwẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́. Orí rẹ̀ ni mo sì jókòó lé.

Ọ̀dọ̀ Toheebat ni mo wà, tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà yẹn; fóònù rẹ̀ kò lè pe òkè òkun. Mi ò ní padà sí Afọ̀n àfi tí mo bá gbọ́ pé o rí èyí. Ṣé o rí i? Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Ayétòrò,
13 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọmọ mi,

Àná ni Ọjọ́bọ̀. Mo tẹ Akólẹ́tà títí Toheebat fi ní kí n jẹ́ kí ó sinmi. Ohun tó ń kó wá kò ju bàtà lọ.

Ṣé o dé ibẹ̀? Ṣé lẹ́tà mi dé bá ọ? Ṣé kì í ṣe pé ìwọ náà ń kó tèmi sí ibì kan tí o ò tú?

Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, máa bọ̀. Yàrá rẹ wà. Ilé bàbá rẹ kì í ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n má ṣe dákẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ.


Galway,
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi, ìyá mi, ẹni tó pọ̀n mí lẹ́ẹ̀mejì,

Ẹ dìde, ẹ jó. Mo tẹ̀ka. Wọ́n gbà mí.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí tiyín. Mo bẹ ẹnì kan kó gba iṣẹ́ mi ṣe, mo dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ìdí gíláàsì rí mi, ó ní, "Lẹ́tà ti dé wàyí?" Mo ní ó gba ọ̀dọ̀ ìyá mi kọjá. Wọ́n ní kí n dúró di Ẹtì kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan sí yín kó tó dájú, kí n má baà fún yín ní ayọ̀ kí n tún gbà á padà. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi fún ìyẹn.

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí láti ìgbà tí òpó yín wó ni bàtà ti ń rọ́ wọ fóònù mi. Nínú Akólẹ́tà yín, ibì kan wà tí wọ́n ti ń bi èèyàn pé tó bá kó lẹ́tà tán, ṣé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀ níbi tó ti kó o. Lọ́jọ́ tí mò ń kánjú lọ sí pápákọ̀ òfurufú, mi ò fi àmì síbẹ̀. Nítorí náà, ó dà bí kànga: ẹ̀yin ń fa omi rẹ̀ gbẹ ní Afọ̀n, èmi ń dé pẹ̀lú garawa ní Galway, mo ń ní òjò kò rọ̀. Ẹ ṣí ibi ètò rẹ̀, ẹ wá orúkọ mi, ẹ fi àmì sínú àpótí kékeré tó sọ pé kí ó fi ẹ̀dà sílẹ̀. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí.

Kí ẹ sì darí gbogbo ohun tó wà nínú fódà mi sí mi, bàtà àti gbogbo rẹ̀.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Ní Oṣù Kìíní, ẹ máa rí mi níbi ìrántí Bàbá. Ẹ lè sọ ìyẹn fún Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi.

Ọmọ yín,
Morádéyọ̀.


Afọ̀n,
29 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Morádéyọ̀ mi,

Mo bú ọ, mo sì jó. Ìlà kan péré ni ì bá gba ìyá rẹ sílẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn! "Màmá, mo ti tẹ̀ka, mò ń retí òǹtẹ̀." Ṣé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Wọ́n ti gbé òpó Afọ̀n dìde. Mo ti fi àmì síbi tí o wí, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Láti òní lọ, ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ mi á dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo sọ fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi pé ò ń bọ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wá ní, "Ìyàwó wa, ṣé ó máa ráyè bá mi mú bàtà bọ̀?" Mo ní kò sóhun tí ọmọ mi mọ̀ tó bàtà.

Mo ti ń darí àwọn lẹ́tà rẹ sí ọ láti àná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló fa ohun tí mo fẹ́ bi ọ́. Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Gideon Mákindé. Kì í polówó bàtà. Láti Oṣù Kẹrin títí di àárín Oṣù Kẹjọ, kò jẹ́ kí Ọjọ́ Àìkú kan lọ láì kọ̀wé sí ọ. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mi ò tú ọ̀kankan nínú wọn, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Àṣìṣe ti ìwé ìjọba yẹn tó mi. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè darí lẹ́tà kó má rí ohun tí wọ́n kọ sí ìta rẹ̀, ohun tí ọmọkùnrin náà sì kọ sí ìta èyí tó kẹ́yìn ni, "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Dá a lóhùn lónìí, kí o tó jẹun. Sọ fún un pé ìyá rẹ ló tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Tí o bá ti dá a lóhùn tán, wá dá èmi náà lóhùn: ọmọ ìlú ibo ni?

Ìyá rẹ tí kò tú u,
Rẹ̀mílẹ́kún.